Barolo kì í ṣe orúkọ àjàrà: bí a ṣe ń mọ ohun tó wà nínú ìgò wáìnì pupa Ítálì

Ìgò mẹ́rin ni wọ́n tò sórí tábìlì níwájú wa. Àǹtí mi gbé ọ̀kan, wọ́n ka ohun tó wà lára rẹ̀: Langhe Nebbiolo. Wọ́n gbé òmíràn: Barolo. Signora (ìyáàfin ni ìtumọ̀ rẹ̀) tó ni ilé ìpọntí náà sì ti sọ fún wa lẹ́nu ọ̀nà pé àjàrà kan náà ló wà nínú ìgò méjèèjì, òkè kan náà ni wọ́n ti ká a, ọwọ́ kan náà ló pọn ọ́n. Ṣùgbọ́n owó ìkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta owó ìkíní. Àǹtí mi gbé ìgò náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n yíjú sí mi.

"Ìwọ tó o ti ń gbé Turin láti ọjọ́ yìí, bi wọ́n pé kí ló fà á. Àbí wọ́n rò pé a ò ná ọjà rí ni?"

Mo bi wọ́n. Ìdáhùn yẹn gbà wá ní ọ̀sán gbáko. Ohun tó rú Àǹtí mi lójú lọ́jọ́ náà ló ń rú gbogbo ẹni tó bá dúró síwájú pẹpẹ wáìnì Ítálì lójú, ìyẹn orúkọ tó wà lára ìgò. Ẹni tó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọtí yìí lórúkọ, ó ti mọ ìdajì ohun tó wà nínú rẹ̀ kó tó ṣí i.

Langhe ni orúkọ agbègbè tí a wà, ní Piemonte, lápá àríwá ìwọ̀-oòrùn Ítálì. Tí ẹ bá wa mọ́tò láti Turin, kò ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ. Òkè kéékèèké ló kún ibẹ̀, òkè yìí gun ẹ̀yìn òkè yẹn, wọ́n sì gbin àjàrà ní ìlà-ìlà yí òkè kọ̀ọ̀kan ká bí irun dídì tó yí orí ọmọbìnrin ká. Àtàrí òkè ni wọ́n kọ́ ìlú sí, pẹ̀lú ilé ìjọsìn àti ilé gogoro rẹ̀. Nígbà tí ojú ọjọ́ bá mọ́, ẹ ó rí Monviso lókèèrè, òkè tó ga ní mítà 3,841, tí yìnyín bo orí rẹ̀. Ní 2014, UNESCO kọ àwọn oko àjàrà ibẹ̀ sínú ìwé àwọn ibi tó jẹ́ ogún gbogbo ayé. Ní oṣù kẹwàá, tí wọ́n bá ń ká èso tó kẹ́yìn, kùrukùru máa ń bo gbogbo àfonífojì mọ́lẹ̀ láàárọ̀. Nebbia ni àwọn ará Ítálì ń pe kùrukùru, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbà pé àjàrà Nebbiolo ti rí orúkọ rẹ̀.

Ọ̀fadà, gàrí Ìjẹ̀bú, Barolo

Tí ẹ bá ra ìrẹsì ọ̀fadà lọ́jà, orúkọ ìlú lẹ pè yẹn. Ọ̀fadà wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Gàrí Ìjẹ̀bú náà ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ń bi alágàrí pé irú ẹ̀gẹ́ wo ló fi ṣe é. Orúkọ ìlú ti jẹ́rìí sí bó ṣe máa kan tó àti bó ṣe máa kúnná tó. Bí àwọn ará Ítálì ṣe ń ronú nípa wáìnì nìyẹn gan-an. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ ni pé ìrẹsì tí wọ́n gbìn síbi tó jìnnà réré sí Ọ̀fadà ń jẹ́ ọ̀fadà lónìí, kò sì sẹ́ni tó máa béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní Ítálì, wọ́n á béèrè lọ́wọ́ rẹ. Wọ́n á tún gbé ọ lọ sí kóòtù.

Barolo jẹ́ ìlú kékeré kan tó ní ààfin àtijọ́ láàárín rẹ̀. Nebbiolo ni àjàrà tí wọ́n fi ń pọn ọtí tó ń jẹ́ orúkọ ìlú náà, òun nìkan ṣoṣo, kò gbọ́dọ̀ sí àdàlù. Ilẹ̀ tí wọ́n gbìn ín sí gbọ́dọ̀ wà nínú ìlú 11 tí òfin dárúkọ: Barolo fúnra rẹ̀, La Morra, Castiglione Falletto, Serralunga d'Alba, Monforte d'Alba àti mẹ́fà mìíràn tó yí wọn ká. Ẹni tó bá sọdá odò Tanaro lọ gbin Nebbiolo sí òdìkejì, ọtí rẹ̀ lè dùn títí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀rọ̀, kò ní jẹ́ Barolo láé.

Orúkọ ilẹ̀ nìkan, tí ẹ ò ní rí orúkọ àjàrà rárá, nìyẹn. Barolo, Barbaresco àti Chianti Classico wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Ẹgbẹ́ kejì ń so orúkọ àjàrà mọ́ orúkọ ilẹ̀: Barbera d'Asti, Dolcetto d'Alba, Nebbiolo d'Alba. Ẹ wo "d'" yẹn dáadáa, "ti" ló túmọ̀ sí. Barbera ti Asti. Dolcetto ti Alba. Ẹgbẹ́ kẹta ni ti àwọn tí apọntí fúnra wọn fún lórúkọ, bí ìgbà tí bàbá ọmọ bá sọ ọmọ lórúkọ tí kò sí nínú ìdílé rí. Sassicaia, láti etíkun Toscana, ẹkùn kan láàárín gbùngbùn Ítálì, ló lókìkí jù nínú wọn, mo sì máa padà sórí rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹgbẹ́ kejì yìí ló ní ìdẹkùn tó burú jù. Ìlú kan wà ní Toscana tó ń jẹ́ Montepulciano. Wáìnì wọn ń jẹ́ Vino Nobile di Montepulciano, àjàrà Sangiovese ni wọ́n sì fi ń pọn ún. Àjàrà kan wà tí òun náà ń jẹ́ Montepulciano. Ẹ̀gbẹ́ òkun, lápá ìlà-oòrùn, ní Abruzzo, ni wọ́n ti ń fi í pọn Montepulciano d'Abruzzo. Ìlú náà kò lo àjàrà náà nínú ọtí tó lókìkí fún, àjàrà náà kò sì ní iṣẹ́ kankan tó ń ṣe nílùú náà. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ ra ọ̀kan tó ra ìkejì, tó gbé e lọ kí àna rẹ̀. Àna mu ún, inú wọn dùn, ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ báyìí.

Dolcetto náà ń tan èèyàn jẹ. "Ohun kékeré tó dùn" ni orúkọ yẹn túmọ̀ sí, àwọn ará wa sì máa ń sáré gbé e nítorí wáìnì pupa tí ojú wa mọ̀ níbi ìgbéyàwó ní Èkó àti Ìbàdàn, dídùn ni, bí oje èso tí wọ́n fi ṣúgà sí. Dolcetto kò ní ṣúgà lẹ́nu. Ó gbẹ fúrúfúrú, ó sì korò díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀fun.

Lẹ́tà mẹ́rin àti ìwé pélébé ọrùn ìgò

Lẹ́yìn orúkọ ni lẹ́tà: DOCG, DOC, IGT. Ọdún 1963 ni ìjọba Ítálì ṣe òfin tó dá DOC sílẹ̀. Ohun tó ń sọ kò le: ibi báyìí ni ọtí yìí ti wá, àjàrà báyìí ni wọ́n fi pọn ún, bí wọ́n ṣe pọn ún nìyí, a sì ti yẹ̀ ẹ́ wò. DOCG fi G kan lé e, ẹ̀rí ìdánilójú. Ní 1980 ni àwọn àkọ́kọ́ wọlé síbẹ̀, Barolo sì wà lára wọn. Kí ìgò DOCG tó jáde, àwọn atọ́ ọtí wò máa ń tọ́ ọ wò, wọ́n á gbé e lọ fún àyẹ̀wò, lẹ́yìn náà ni wọ́n á lẹ ìwé pélébé kan mọ́ ọrùn rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rọ owó ẹyọ ló ń tẹ ìwé náà, nọ́ńbà tirẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Ẹ fi ìka kàn án: tí ẹ bá fẹ́ yí ìdérí, ẹ ní láti ya á.

Kí ló dé tí wọ́n fi le tó bẹ́ẹ̀? Ìdí kan ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1986. Àwọn kan da mẹ́tánọ́ọ̀lù, irú ọtí olóró kan, sínú wáìnì olówó pọ́ọ́kú kí agbára rẹ̀ lè ga lórí ìwé, ó sì pa èèyàn tó lé ní 20, ojú àwọn mìíràn fọ́. Ní Piemonte yìí gan-an, nínú Barbera, ni ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ bẹ́. Àwa náà mọ irú ikú bẹ́ẹ̀, nítorí ní 2015 ni ògógóró tó ní mẹ́tánọ́ọ̀lù pa èèyàn ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Òǹdó. Signora sọ pé òun ṣì kéré nídìí iṣẹ́ nígbà náà, àti pé fún odidi ọdún kan, tí òun bá ti dárúkọ Barbera fún àwọn oníbàárà láti Jámánì, ńṣe ni wọ́n ń fi tẹlifóònù sílẹ̀.

IGT, tó ń dárúkọ agbègbè pẹ̀lú òfin tó rọ̀ ju ti DOC lọ, ni ìpele tó wà nísàlẹ̀ DOC, òfin 1992 ló dá a sílẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé ìsàlẹ̀ túmọ̀ sí pé kò dára. Ibí ni Sassicaia ti wọ̀ ọ́. Cabernet, àjàrà ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n fi ń pọn ún, òfin àdúgbò náà kò sì ní ààyè fún un. Nítorí náà nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ti ọdún 1968, "wáìnì orí tábìlì" ni wọ́n ní láti kọ sára rẹ̀, orúkọ tó wà fún ọtí tí àwọn òṣìṣẹ́ ń fi oúnjẹ ọ̀sán wálẹ̀. Ó wá gbówó lórí ju ọ̀pọ̀ àwọn tó ní lẹ́tà lọ, ó sì di 1994 kí òfin tó wá ìjókòó fún un nínú DOC Bolgheri, ti àdúgbò náà. Lójú tèmi, ẹ̀rí ibi tí ọtí ti wá ni lẹ́tà wọ̀nyí, wọn kì í ṣe máàkì ìdánwò.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta kù tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀. Classico kì í ṣe "èyí tó dára jù", ilẹ̀ ìpilẹ̀ ló ń sọ. Chianti Classico ni apá tó wà láàárín ìlú Firenze àti Siena, tí Cosimo III, olórí ilẹ̀ Toscana nígbà náà, fi àṣẹ pààlà sí ní 1716. Chianti lásán wá láti ibi tí wọ́n fẹ̀ sí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ máa wo àkùkọ dúdú lọ́rùn ìgò Classico. Riserva túmọ̀ sí pé ó pẹ́ sí i lábẹ́ ìtọ́jú kó tó jáde. Superiore sábà máa ń túmọ̀ sí pé agbára ọtí rẹ̀ fi díẹ̀ ju ti ìkejì rẹ̀ lọ. Tí ẹ bá sì rí "imbottigliato all'origine", inú dídùn ni kẹ́ ẹ fi gbà á: ibi tí wọ́n ti pọn ún náà ni wọ́n ti rọ ọ́ sínú ìgò, wọn ò fi ọkọ̀ gbé e lọ fún ẹlòmíràn.

Ibi tí owó wọlé

Ẹ jẹ́ ká padà sórí tábìlì Signora, nítorí Àǹtí mi ṣì ń dúró de ìdáhùn.

Òfin ní kí Barolo lo oṣù 38 ó kéré tán kí wọ́n tó tà á, kí 18 nínú rẹ̀ sì jẹ́ inú àgbá onígi. Tó bá jẹ́ Riserva, oṣù 62. Ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún ìkórè ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Àjàrà tí wọ́n ká ní oṣù kẹwàá 2021, ó di January 2025 kí kọ́bọ̀ tó lè wọlé lórí rẹ̀ ní orúkọ Barolo. Ní gbogbo àkókò yẹn, wọ́n ti gé ẹ̀ka igi fún ìkórè mẹ́ta mìíràn, wọ́n ti san owó òṣìṣẹ́, ilé ìfowópamọ́ sì ń béèrè owó tiwọn. Langhe Nebbiolo kò ní gbogbo ìdènà yìí. Wọ́n lè tà á kíákíá, owó á sì máa yí. Fún ìdí yìí, apọntí á wo àjàrà tirẹ̀ ní ìkórè: èyí tó wá láti ibi tó dára jù nínú oko á di Barolo, ìyókù á di Langhe Nebbiolo, èyí tí wọ́n ń fi ra oúnjẹ títí ìkíní á fi dàgbà.

Signora mú wa dé ojú fèrèsé láti fi "ibi tó dára jù" hàn wá. Wọ́n ní kí a wo òkè iwájú. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí gúúsù, níbi tí oòrùn ti ń lù láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, Nebbiolo ló wà níbẹ̀, nítorí òun ló ń pẹ́ jù kó tó pọ́n. Ẹ̀gbẹ́ tó tutù ni wọ́n fi Dolcetto sí, òun ló ń yá pọ́n. Barbera wà láàárín. Wọ́n ní bàbá àgbà òun kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ní ìgbà òtútù wọ́n máa ń wo ibi tí yìnyín ti kọ́kọ́ ń yọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbin Nebbiolo sí.

Ilẹ̀ pàápàá kò rí bákan náà. Lápá La Morra àti Barolo, ilẹ̀ rọ̀ díẹ̀, ọtí ibẹ̀ sì ń ta sánsán, ó tètè ń ṣeé mu. Lápá Serralunga àti Monforte, ilẹ̀ ti gbó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó le, ọtí rẹ̀ á kún fún agídí fún ọdún mélòó kan. Nítorí èyí ni wọ́n fi pín gbogbo ilẹ̀ Barolo sí 181 ní 2010, tí wọ́n sì fún ìkọ̀ọ̀kan ní orúkọ tó lè wà lára ìgò. Tí ẹ bá rí Cannubi, Brunate tàbí Bussia lábẹ́ Barolo, orúkọ oko ni. Ìgò náà wá dà bíi oríkì: orílẹ̀, ìlú, agboolé.

Nínú àjà ilẹ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé wáìnì pupa pupa nítorí pé omi èso rẹ̀ pupa. Rárá. Signora fún wa ní àjàrà dúdú kan láti inú abọ́, wọ́n ní ká fún un. Omi tó jáde mọ́ bí omi ọsàn tí wọ́n sẹ́. Inú èèpo ni àwọ̀ wà. Nítorí náà wọ́n ń fọ́ èso náà, wọ́n á sì fi omi rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú èèpo àti kóró nínú agbada ńlá. Ìwúkàrà á máa jẹ ṣúgà inú rẹ̀, á sọ ọ́ di ọtí, gbogbo rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ẹni tó bá ti wo ẹmu tó ń hó lẹ́nu akèrègbè ti rí i tán, iṣẹ́ kan náà ni. Ẹmu kì í dúró ni. Àárọ̀ ló dùn, ìrọ̀lẹ́ ló kan, ọ̀tunla ti di ọtí kíkan. Èyí tí ń bẹ níbí ní kíkan tirẹ̀ látinú èso, ó ní tánìnì, ohun tó ń gbẹ ẹnu, láti inú èèpo, agbára ọtí rẹ̀ sábà máa ń tó ìdá 13 nínú 100, wọn kì í sì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rí i. Ìyẹn ni kò jẹ́ kó bàjẹ́.

Àgbá ló tún dá ìjà sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn àgbà ń fi èèpo sínú omi rẹ̀ fún oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á sì gbé ọtí náà sínú àgbá óákù gbàǹgbà tó ti gbó, tó gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún lítà. Ní ọdún 1980 sí 1990 àti díẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ní kí wọ́n dín ọjọ́ èèpo kù, kí wọ́n sì lo àgbá tuntun kékeré lítà 225 láti ilẹ̀ Faransé, kí ọtí lè tètè rọ̀. Elio Altare ti La Morra, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń sọ ọ́, gbé ayùn oníná, ó sì gé àgbá bàbá rẹ̀ wẹ́wẹ́. Bàbá rẹ̀ kò fi ogún sílẹ̀ fún un. Lónìí ìjà náà ti rọlẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ń lo díẹ̀ nínú tibí, díẹ̀ nínú tọ̀hún. Nílé Signora, àgbá ńlá mẹ́ta ló wà nínú àjà ilẹ̀, gbogbo wọn dúdú látàrí ọjọ́ orí. Òórùn igi tútù ló wà níbẹ̀. Àǹtí mi gbé ọwọ́ lé ọ̀kan bí ẹni ń wo ibà ọmọ.

Ẹnu

Wọ́n bu díẹ̀ sínú ife kọ̀ọ̀kan, kò tó ìdá mẹ́rin ife. Ẹ má bínú pé ó kéré, àtọ́wò ni. Láti orí èyí tó fúyẹ́ ni wọ́n ti ń bọ̀: Dolcetto, Barbera, Langhe Nebbiolo, Barolo.

Ojú ló kọ́kọ́ ń tọ́ ọ wò. Ẹ da ife sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí ìwé funfun. Dolcetto dúdú bíi zóbò tó ki. Mo gbé fóònù mi sẹ́yìn ife Barolo, mo sì lè ka nọ́ńbà orí rẹ̀. Ó mọ́lẹ̀, àwọ̀ bíríkì sì ti ń yọ létí rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní wọ́n bu omi là á. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ: àwọ̀ Nebbiolo kò ki, ṣùgbọ́n òun ló lágbára jù lórí tábìlì yẹn.

Lẹ́yìn ojú ni imú. Ẹ di ẹsẹ̀ ife mú, ẹ yí i díẹ̀ kí ọtí inú rẹ̀ lè pòyì, kí ẹ tó gbé e súnmọ́ imú. Wọ́n máa ń sọ pé Barolo ń rùn bí òdòdó róòsì àti ọ̀dà. Ẹ̀rín ni mo fi rín nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Àǹtí mi kò tíì gbọ́ ọ rí, wọ́n gbóòórùn, wọ́n ní, "Ó ń rùn bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọ̀dà sí títì." Signora pàtẹ́wọ́.

Ẹnu ló kàn. Barbera kan, ó sì ń da itọ́ sí ẹnu. Ó rọrùn láti mu, kò fún ẹnu. Nebbiolo ni ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Àǹtí mi mu Barolo, wọ́n fi ahọ́n kan òkè ẹnu lẹ́ẹ̀mejì, ojú wọn le.

"Ẹnu mi gbẹ. Ó dà bíi kajú."

Kajú gan-an ni. Ẹni tó bá ti bu èso kajú jẹ rí mọ bí omi rẹ̀ ṣe ń dùn tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ á sì fún pọ̀, bí ẹni pé wọ́n fi aṣọ nu ahọ́n. Tánìnì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, obì náà ní in. Kì í ṣe kíkorò, kì í ṣe kíkan, gbígbẹ ni. Tánìnì máa ń lẹ̀ mọ́ ohun tó ń jẹ́ kí itọ́ yọ̀, ìyẹn ló fi ń dà bíi pé ẹnu há. Nítorí náà ni Signora fi tì abọ́ wàràkàṣì líle àti grissini, búrẹ́dì tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn ará Turin fẹ́ràn, sí Àǹtí mi. Wọ́n jẹ wàràkàṣì, wọ́n tún mu ún. Ojú wọn tú. Tánìnì ti rí ohun mìíràn lẹ̀ mọ́ yàtọ̀ sí itọ́ wọn. Ẹni tó bá mu Barolo láìjẹun tó wá sọ pé kò dára, kò tíì mu ún.

Korobá kékeré kan wà lórí tábìlì. Wọ́n fi ń tu ọtí sí ni. Àǹtí mi wò mí bí ẹni pé mo ya wèrè. Kí àgbà tutọ́ níwájú onílé tó ń ṣe wọ́n lálejò? Wọn kò tu ọ̀kankan. Èmi tu gbogbo tèmi, nítorí èmi ni mo wa mọ́tò: òfin Ítálì kò gbà kí ó ju gíráàmù 0.5 lọ nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan, tó bá sì jẹ́ pé ìwé ìwakọ̀ rẹ kò tíì pé ọdún mẹ́ta, òdo ni. Títì òkè yẹn kọ́lọ̀kọ́lọ̀. Ẹ yan ẹni tó máa wakọ̀ kí ẹ tó kúrò nílé.

Kí ẹ tó kúrò nílé náà, ẹ pè wọ́n. Ibi tí wọ́n ń gbé náà ni, kì í ṣe ilé ọtí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ sí irú ibẹ̀, ọjọ́ Àìkú ni mo kàn gbéra. Ajá nìkan ló dá mi lóhùn. Ọ̀pọ̀ wọn ń ti ilẹ̀kùn ní oṣù kẹjọ, ní àsìkò ìkórè sì rèé, wọ́n wà lóko. Ẹ kọ̀wé, ẹ sọ iye yín àti èdè tí ẹ gbọ́, ẹ béèrè iye tí wọ́n ń gbà fún àtọ́wò, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ń gbowó. Ẹ má lo lọ́fínńdà lọ́jọ́ náà. Kò pọn dandan kí ẹ rà, ṣùgbọ́n níbi tí ìyá onílé ti fi ọ̀sán rẹ̀ sílẹ̀ fún yín, ìgò kan kò pọ̀ jù.

Barbera méjì ni Àǹtí mi rà, wọ́n ní ẹran díndín ni wọ́n máa fi mu ún, wọ́n sì kó o sínú báàgì tó lọ sábẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. Wọ́n tún ra Barolo kan. Signora ní kí wọ́n gbé e sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tó tutù, kí wọ́n má ṣí i fún ọdún márùn-ún ó kéré tán. Tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bá sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ nígbà náà, kí wọ́n dà á jẹ́jẹ́. Àǹtí mi ro ti ooru Ìbàdàn, wọ́n ro ti iná mànàmáná, wọ́n gbé ìgò náà lé mi lọ́wọ́. Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ní Turin báyìí. Wọ́n ń pè mí lóṣooṣù, lẹ́yìn tá a bá ti kí ara wa tán, wọ́n á béèrè bóyá mo ti ṣí i.